Òjé Tí Mo Fi Bo Ihò Gáráwá

Adájọ́ ti dá mi lẹ́jọ́ ikú. Bí mo bá gbọ́ ìró kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn, mo máa ń dìde dúró, nítorí n kò mọ ọjọ́ tí yóò jẹ́ tèmi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí èmi àti Àbẹ̀ní ìyàwó mi lò pọ̀ kẹ́yìn, ó ń ṣa òkúta inú ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà wa ní Ẹdẹ. Ó ní, "Ọkọ mi, epo àtùpà ti tán o. Ṣé kò sí ní ṣọ́ọ̀bù yín?"

Mo ní kò sí. Irọ́ ni mo pa.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa fi òjé jó agolo àti gáráwá tó bá lu. A ó yọ́ òjé sí ojú ibi tí irin méjì ti pàdé. Bí ó bá tutù, á dì, irin méjì á di ọ̀kan. Ṣùgbọ́n a ó kọ́kọ́ fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ nu ojú irin náà mọ́, torí òjé kì í mú ibi tó dọ̀tí. Ọwọ́ mi mọ́ níbi iṣẹ́ náà tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kì í rí ibi tí mo jó.

Ohun tó gbé Làmídì wá bá mi nìyẹn. Òun ló ń ṣọ́ ẹrù epo òyìnbó ní rélùwéè. Ó ní kí n dá gáráwá kan lu, kí a fa ìgò epo kan nínú rẹ̀, kí n sì jó o padà.

"Tíṣà, ìgò kan péré! Ta ni yóò mọ̀?" Tíṣà ló máa ń pè mí nítorí ìwé tí mo kà.

Ìgò kan di mẹ́wàá. Nígbà tí gáráwá ń fúyẹ́ jù, Làmídì gbé epo mìíràn wá láti fi dípò. Mo gbóòórùn rẹ̀. Epo mọ́tò ni.

Mo ní, "Làmídì, eléyìí máa ń gbaná lójijì."

"Ojo ni ọ́! Epo ṣáà ni gbogbo wọn. Jó o, jàre."

Mo fi omi ọsàn nu ojú irin náà, mo sì jó o.

Gáráwá náà dé ọjà. Níbẹ̀ ni Àbẹ̀ní ti lọ ra epo lọ́jọ́ tí mo purọ́ fún un. Ní ìrọ̀lẹ́, bó ti tan àtùpà, àtùpà náà bú gbàmù. Kò pẹ́ tó fi kú lọ́wọ́ mi.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Làmídì wá sí ṣọ́ọ̀bù. Mo ní mo ń lọ jẹ́wọ́ fún ajẹ́lẹ̀.

Ó ní, "Máa lọ. Kí lo fẹ́ sọ? Èmi ò mọ òjé, n ò mọ irin. Ìwọ lo jó o."

N kò mọ̀ bóyá gáráwá ló ní mo jó tàbí Àbẹ̀ní. Irin ìjójé mi wà nínú iná. Mo fà á yọ, mo là á mọ́ ọn lórí. Ẹ̀ẹ̀kan kọ́ ni mo là á; ibẹ̀ ló kú sí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹnì kan bá ní kí ẹ fi iṣẹ́ ọwọ́ yín bo ohun tí ẹ kò lè sọ nílé, ẹ kọ̀ ní ìgò kìíní. Bí ẹ bá ti gbà á, ẹ̀rù ni yóò máa pàṣẹ fún yín. Ẹ̀rù ni kò jẹ́ kí n sọ fún ìyàwó mi pé kí ó má ra epo lọ́jà.

Àbẹ̀ní ló ń fọ aṣọ mi láti ìgbà tí mo ti gbé e níyàwó. Lánàá, mo fọ èyí tí wọ́n fún mi níbí. Wọ́dà dúró, ó ń wò mí.

"Bàbá, ọṣẹ yẹn ti pọ̀ jù. Ṣé ẹ ò fọṣọ rí ni?"

Mo ní n kò fọ̀ rí. Mo ṣàn án, mo fún un, mo sì sá a.