Ìka Karùn-ún Tó Wà Nínú Àpò Mi

Ẹ̀yin olùyẹ̀wò, ẹ má wulẹ̀ káàánú mi nítorí ikọ́ tí ẹ ń gbọ́ yìí. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé mì lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn ni mo fẹ́ pọ̀ jáde kí n tó kú, ẹ̀yin náà sì wà níbẹ̀.

Èmi ni mo ń tọ́jú yàrá tí a ń kó egungun ẹranko sí fún ìwòran nígbà náà, èmi ni mo sì kọ́ ọmọbìnrin yẹn, akẹ́kọ̀ọ́ tó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, bí wọ́n ṣe ń di búrọ́ọ̀ṣì tí a fi ń nu egungun mú. Lọ́jọ́ kan tí àlejò kún yàrá, mo fọ́nnu pé apá labalábá àti apá àdán, họ́mọ́lọ́jì ni, ìyẹn ni pé orísun kan náà ni wọ́n ti wá, torí pé àwọn méjèèjì ń fò. Ó ní, "Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Iṣẹ́ wọn ló jọra, orísun wọn kọ́. Apá àdán àti ọwọ́ yín ni họ́mọ́lọ́jì: egungun kan náà ni, iṣẹ́ ló yàtọ̀." Àwọn àlejò bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni mo ti kórìíra rẹ̀. Òótọ́ ló sáà sọ, èmi aláìnítìjú!

Ọdún mẹ́ta ló fi gbẹ́ egungun ẹran inú omi ayé àtijọ́ kan jáde lára òkúta, irú rẹ̀ kan ṣoṣo tó wà. Ìka mẹ́rin ni gbogbo ènìyàn rí nínú lẹbẹ rẹ̀. Òun rí ìka karùn-ún, bíi tọwọ́ wa, kò ju hóró ìrẹsì lọ, ó sì pè mí kí n wá wò ó. Mo rí i kedere. Ní òwúrọ̀ tí ẹ fẹ́ wá yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, mo fi abẹ yọ ọ́, mo sì fi ìyẹ̀fun òkúta dí ojú ibẹ̀.

Ó ti kọ ọ́ sínú iṣẹ́ rẹ̀ pé márùn-ún ni. Ẹ kà á, mẹ́rin. Ọ̀kan nínú yín ní, "Ṣé àlá lo lá ni?" Ó yíjú sí mi: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà sáà rí i. Ẹ bá mi sọ fún wọn." Egungun yẹn wà lápò mi, ọwọ́ mi wà lórí rẹ̀. Mo ní, "Èmi ò rí nǹkan kan." Ọ̀dájú ni mí. Ẹ lé e lọ bí òpùrọ́.

Láàárọ̀ yìí, mo ránṣẹ́ pè é. Ó wá, kò jókòó. Mo fi egungun náà lé e lọ́wọ́, mo ní kó foríjì mí. "Èmi nìkan kọ́ lẹ parọ́ fún," ló wí, ó sì gbé fóònù tó ń gbohùn sílẹ̀ síwájú ẹnu mi. "Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí àpò yín." Ohun tí ẹ ń gbọ́ nìyí. Ẹ dá orúkọ rere rẹ̀ padà fún un. Ní tèmi, mo ṣì ń bẹ̀ ẹ́. Fóònù náà ló ṣì dì mú síwájú ẹnu mi.