Síkẹ́ẹ̀tì Tí Mo Tú Lójú Rírán

Ẹ ti yọ mí lẹ́nu tó. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ilé-ìwé ti ń ránṣẹ́ sí mi pé kí n kọ ojú ewé díẹ̀ sínú ìwé tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ fún àwọn òbí tí ọmọ wọn kì í sọ̀rọ̀ láwùjọ. Wọ́n tiẹ̀ ti bá mi fún un lórúkọ: "Ìdùnnú Bàbá: Bí Mo Ṣe Tọ́ Ọmọ Tó Borí Ìtìjú." Wọ́n ní kí n kọ nípa sùúrù. Sùúrù! Èmi! Ẹni tó bá mọ̀ mí nígbà náà, ẹ̀rín á fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ó dáa, mo ti jókòó, mo ti mú bírò, màá kọ ọ́. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni màá kọ, nítorí ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti fi ń gba oríyìn tí kò tọ́ sí mi, ó sì ti sú mi. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́, kó ṣí ojú ewé yìí kọjá.

Télọ̀ ni mí. Ilé-ìwé tó ní kí n kọ̀wé yìí gan-an, èmi ni mò ń rán aṣọ àwọn ọmọ ibẹ̀ nígbà tí ọmọbìnrin mi ń lọ síbẹ̀, kó tó di pé òun náà di olùkọ́ níbẹ̀ lónìí. Nílé, ọmọ yìí kì í panu mọ́. Á bá ìyá rẹ̀ rojọ́, á bá ológbò jà, á máa kọrin nínú ilé ìwẹ̀ títí a ó fi kanlẹ̀kùn mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kó ṣáà ti kọjá géètì ilé-ìwé báyìí, ẹnu ti dì. Fún ọdún méjì ààbọ̀, kò sọ gbólóhùn kan fún olùkọ́, kò sọ fún ọmọdé. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ sọ ọ́ ní Ère. Bí àlejò bá wá kí wa, á sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀, èmi á sì máa purọ́ pé ọ̀nà ọ̀fun ló ń dùn ún. Ọ̀nà ọ̀fun wo ló ń dunni fún ọdún méjì ààbọ̀? Mo fi ohùn dídùn tàn án, kò gbọ́. Mo jágbe mọ́ ọn. Mo máa ń dúró tì í ní géètì láràárọ̀ pé, "Sọ pé ẹ káàárọ̀, mà. Sọ ọ́! Ṣé ẹ káàárọ̀ náà ló wúwo tó báyìí?" Á kàn máa wo bàtà rẹ̀ ni. Ìyá rẹ̀ á ní, "Bàbá, ẹ fi ọmọ yìí lọ́rùn sílẹ̀." Èmi á ní ta ló di ọrùn rẹ̀ mú? Ẹnu ni mo ní kó ṣí. Ẹ rí sùúrù tí wọ́n ní kí n wá kọ nípa rẹ̀.

Ẹni kan ṣoṣo tó ní sùúrù ní ṣọ́ọ̀bù mi ni Ìyá Bọ́tìnnì. Ọdún mọ́kànlá la ti jọ ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Èmi ni mò ń gé aṣọ, tí mo sì ń fi ẹ̀rọ rán an. Òun ló ń ká etí rẹ̀, tó ń kan bọ́tìnnì mọ́ ọn, tó ń lọ̀ ọ́. Bó bá ti ṣe tán, á rán òwú pupa bíńtín sínú ìbàdí aṣọ náà, kí a lè mọ̀ pé ó ti parí lọ́wọ́ òun. Bí ọmọ mi bá ti ilé-ìwé dé, abẹ́ tábìlì rẹ̀ ló ń jókòó sí. Ìyá Bọ́tìnnì kì í ní kó sọ̀rọ̀. Á kàn na àwo bọ́tìnnì sí i pé kó bá òun ṣa àwọn oníhò mẹ́rin sọ́tọ̀. Kò tó oṣù kan tí mo fi gbọ́ ohùn ọmọ mi lábẹ́ tábìlì: "Ìyá, ihò mẹ́ta ló wà lára èyí o." Ìyá Bọ́tìnnì kì í ṣe ẹbí wa. Ará ìta àkọ́kọ́ tí ọmọ mi bá sọ̀rọ̀ nìyẹn, mi ò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Inú ló bí mi, ẹ má rò pé àwàdà ni. Mo ní èmi tí mo bí i ti ń pariwo láti ọdún méjì ààbọ̀ wá, bọ́tìnnì ló wá ṣí i lẹ́nu?

Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì wọn tí ìyá rẹ̀ jẹ́ nọ́ọ̀sì. Ọmọ Nọ́ọ̀sì la ń pè é. Ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Òun ló sọ ọ́ di eré pé ta ló máa mú Ère sọ̀rọ̀. Wọ́n á fa irun rẹ̀, wọ́n á gbé bàtà rẹ̀ sá lọ. Lọ́jọ́ kan, Ọmọ Nọ́ọ̀sì dí ẹnu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó ní ọmọ mi ò ní wọlé àfi tó bá sọ pé "Jọ̀ọ́." Ọ̀rọ̀ kan péré. Ọmọ mi ò lè sọ ọ́. Ó tọ̀ sára. Ni Ọmọ Nọ́ọ̀sì bá sáré yí pápá ká, ó ń kígbe pé Ère ti ń jò. (Ẹ̀yin náà á ti rí i pé ohun tí ọmọ yẹn ṣe lẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀, òun gan-an ni èmi ń ṣe ní géètì láràárọ̀. Èmi ò rí i nígbà náà. Afọ́jú ni mí.) Ọmọ mi sunkún wọ ṣọ́ọ̀bù, ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ rin gbingbin, ìyá rẹ̀ sì wá mú un lọ sílé. Ohun tó yẹ kí n ṣe kò ju kí n lọ bá nọ́ọ̀sì lọ. Ìyá Bọ́tìnnì tiẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀: "Ọ̀gá, àgbà ẹgbẹ́ yín ni kẹ́ ẹ lọ bá sọ ọ́. Ọmọdé lọmọdé ń jẹ́." Mo ní kó gbájú mọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Síkẹ́ẹ̀tì tuntun ti Ọmọ Nọ́ọ̀sì wà lórí àga nígbà yẹn, a ti rán an tán, òwú pupa ti wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ kejì ni wọ́n máa pín ẹ̀bùn nílé-ìwé, òun ni wọ́n sì yàn pé kó gun orí pèpéle lọ gba ife fún kíláàsì wọn.

Nígbà tí Ìyá Bọ́tìnnì jáde lọ ra oúnjẹ ọ̀sán, mo ti ilẹ̀kùn. Mo mú abẹ, mo tú ojú rírán ẹ̀yìn síkẹ́ẹ̀tì náà láti ìbàdí dé ìsàlẹ̀, mo wá fi ọwọ́ tákìn ín padà. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe télọ̀, tákìn ni rírán gbọọrọ-gbọọrọ tí a fi ń so aṣọ pọ̀ kí ẹ̀rọ tó kọjá lórí rẹ̀. A máa ń fà á yọ dànù ni, kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń wọ̀ jáde. Mo tún lọ wá òwú tó ti gbó nídìí àpótí. Mo lọ aṣọ náà dáadáa, mo ká a, mo fi í sínú ọ̀rá. Ẹ fojú inú wò ó: ọkùnrin ẹni ọdún mọ́kànlélógójì, onírùngbọ̀n, ọkọ ìyàwó, ó tilẹ̀kùn mọ́rí, ó ń bá ọmọ ọdún mẹ́sàn-án jà. Mo sì ń súfèé.

Lọ́jọ́ kejì, mo wọ aṣọ tó dáa, mo jókòó síwájú láàárín àwọn òbí. Wọ́n pe Ọmọ Nọ́ọ̀sì. Àtẹ̀gùn mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Lórí ìkejì, òwú já. Lórí ìkẹta, síkẹ́ẹ̀tì là láti òkè délẹ̀, ó já bọ́ sí i lẹ́sẹ̀. Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ náà dúró síbẹ̀, kò mọ̀ bóyá kó tẹ̀ síwájú ni tàbí kó padà, mo sì rí ojú rẹ̀. Ojú tí ọmọ mi gbé wọ ṣọ́ọ̀bù lánàá náà ni. Ẹ̀rín tí mo ti tọ́jú dè é kò jáde lẹ́nu mi. Ìgbà yẹn ni mo rí ẹnì kan tó yọ kúrò lórí ìlà. Ọmọ mi ni. Ó ń bọ́ súwẹ́tà rẹ̀ bó ṣe ń rìn. Ó gun àtẹ̀gùn, ó so súwẹ́tà náà mọ́ Ọmọ Nọ́ọ̀sì nídìí, ó wá kọjú sí gbogbo ilé-ìwé, olùkọ́, òbí, gbogbo wa pátá, ó ní, "Ẹ dákẹ́! Kí ló ń pa yín lẹ́rìn-ín? Ṣé aṣọ tiyín kì í ya ni?" Olùkọ́ wọn fọwọ́ bo ẹnu, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Obìnrin tó jókòó tì mí gbá mi léjìká pé, "Bàbá, ẹ kú oríire! Irú ọmọ tẹ́ ẹ tọ́ rèé!" Kí n wá purọ́ fún yín? Orí mi wú. Èmi tí mo tú aṣọ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ nídìí, mo dìde, mò ń pàtẹ́wọ́, mò ń nu omijé, mò ń sọ fún ẹni tó bi mí àti ẹni tí kò bi mí pé èmi ni mo bí i.

Ẹ rò pé ó parí síbẹ̀? Ìyẹn ṣì kéré. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ọ̀gá àgbà ilé-ìwé wọ ṣọ́ọ̀bù mi, síkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ rẹ̀, nọ́ọ̀sì lẹ́yìn rẹ̀, ojú nọ́ọ̀sì ti wú fún ẹkún. Láti abẹ́ tábìlì, ọmọ mi ní, "Ẹ káàsán, mà." Bẹ́ẹ̀ ni, òun fúnra rẹ̀, láìsí pé ẹnikẹ́ni jágbe mọ́ ọn. Ọ̀gá àgbà yí ìbàdí síkẹ́ẹ̀tì síta, ó fi ìka lé òwú pupa. "Ta ló ni àmì yìí?" Ìyá Bọ́tìnnì ní òun ni. Ó gba síkẹ́ẹ̀tì náà, ó gbé e lọ sójú fèrèsé, ó yí i sódì, ó fi ìka tọ ihò abẹ́rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó gbójú sókè, èmi ló wò. Ó ní, "Ọ̀gá, kí lẹ rí sí i?" Àánú ló fi ṣe mí, ẹ̀yin èèyàn. Àyè ló fi sílẹ̀ fún mi pé kí n sọ ọ́ fúnra mi. Mo ní, "Ìyá Bọ́tìnnì, mo ti ń sọ fún yín pé ojú yín ti ń ṣú. Ẹ ò rí i pé tákìn lásán ló wà lójú rírán rẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e padà wá kí n fi ẹ̀rọ rán an." Mi ò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún un rí. Ó wò mí, ó wo abẹ́ tábìlì, ó tún wò mí. Ó wá sọ fún nọ́ọ̀sì pé, "Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ má bínú, ìyá ọmọ." Ọ̀gá àgbà ní òun ò fẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ kan aṣọ ọmọ kankan nílé-ìwé òun mọ́. Mo ní kò burú. Kò burú! Ó kó sísọ́ọ̀sì rẹ̀, ó kó abẹ́rẹ́ rẹ̀, ó lọ. Ọ̀rọ̀ di ti àdúgbò pé ojú rẹ̀ ti fọ́, kò sì sí télọ̀ tó gbà á mọ́. Abọ́ ló ń fọ̀ nílé oúnjẹ kan títí ó fi darúgbó. Ọmọ mi bèèrè rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Mo ní ojú rẹ̀ ló bàjẹ́, ó lọ sinmi. Ó gbà á gbọ́, torí pé bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́.

Odindi táàmù kan ni Ọmọ Nọ́ọ̀sì ò fi wá sílé-ìwé. Nígbà tó padà, ọmọ mi ló ń bá a jókòó, ọ̀rẹ́ wọn ò sì yingin títí di òní. Dádì ló ń pè mí. Kì í wọ aṣọ kankan láì kọ́kọ́ di ojú rírán rẹ̀ mú lápá méjèèjì kó fà á wò. Bó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ lójú mi, mo máa ń wá nǹkan kan lọ ṣe ní yàrá. Ní ti ọmọ mi, ibi gbogbo tí wọ́n bá ti pè é pé kó wá sọ̀rọ̀, ìtàn ọjọ́ yẹn ló ń sọ, wọ́n á sì ní kí bàbá rẹ̀ dìde káwọn pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹ̀yìn ti ń ro mí fún ìdìde. Mo fara dà á, ojú ò tì mí. Àfi lóṣù tó kọjá tó gbé ohun tí òun náà kọ sínú ìwé yìí wá pé kí n kà á. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Obìnrin kan tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú, tó ń bá bàbá mi ṣiṣẹ́, ni kò rán aṣọ náà dáadáa, mi ò dá a lẹ́bi." Nínú ìwé! Ohun tí wọ́n fẹ́ tẹ̀, tí àwọn ọmọ ọmọ wa á kà! Irọ́ mi ti fẹ́ wọ ilé-ìkàwé, ọwọ́ ọmọ mi ló sì fẹ́ gbà wọ ibẹ̀.

Mo wá Ìyá Bọ́tìnnì lọ. Yàrá kan ló ń gbé, lẹ́yìn ilé oúnjẹ yẹn. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Láìlo awò! Èmi tí mo ní ojú rẹ̀ ń ṣú, awò tó wà lójú mi nípọn bí ìdí ìgò. Kò pè mí lọ́gàá. Ó ní, "O pẹ́ kó o tó dé." Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, ó dá mi dúró. "Mo mọ̀. Ọwọ́ òsì lo fi ń di abẹ́rẹ́ mú, tákìn rẹ kì í dorí kọ ibi tí ti ẹlòmíì ń kọ. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń fà á yọ, ṣé mi ò ní dá a mọ̀ ni?" Mo ní kí ló wá dé tí ẹ ò sọ? Ó ní, "Ọmọ yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ lanu lọ́jọ́ yẹn ni. Ìdí ẹsẹ̀ mi lábẹ́ tábìlì ló jókòó sí. Ṣé kí n wá sọ lójú ẹ̀ pé bàbá ẹ̀ ló tú aṣọ mọ́ ọmọ yẹn nídìí? Ta ló mọ̀ bóyá ẹnu yẹn tún máa pa dé? Òun ni mo ṣe é fún o. Má rò pé ìwọ ni." Mo ní kó forí jì mí. Ó ní, "Ṣó o ti sọ fún un?" Mo ní rárá. "Kí lo wá ń jẹ́wọ́ fún mi sí? Èmi ti mọ̀ tẹ́lẹ̀." Ó bá padà sídìí abẹ́rẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ní ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀, ohun tí mo mọ̀ ò pọ̀. Ẹ má jágbe mọ́ ọn. Ẹ má sì bá ọmọ ọlọ́mọ jà nítorí rẹ̀, torí ẹ ò mọ ẹni tí ìjà yẹn máa bà. Ṣùgbọ́n ìwọ ọmọ mi ni mo ní lọ́kàn jù. Ìwọ ni wọ́n ní kó o to ìwé yìí, nítorí náà ìwọ ló máa kọ́kọ́ kà á, mo sì mọ̀ pé màá jẹ́ ojo, mi ò ní lè sọ ọ́ lójú rẹ. Ìdùnnú mi lórí rẹ kì í ṣe irọ́. O ṣe ohun tí bàbá rẹ ò lè ṣe láyé rẹ̀: o rí ọ̀tá rẹ níhòòhò, o sì bò ó láṣọ. Má gé ọ̀rọ̀ mi kúrò. Pa gbólóhùn tó o kọ nípa Ìyá Bọ́tìnnì rẹ́, kó o kọ ọ́ síbẹ̀ pé bàbá mi ló tú u, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi tú u. Ka èyí sétí Ọmọ Nọ́ọ̀sì kí ìwé tó jáde. Bó bá ní òun ò ní pè mí ní Dádì mọ́, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Lọ kí Ìyá Bọ́tìnnì. Ẹ forí jì mí, ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bó bá ṣeé ṣe. Ọjọ́ Àìkú lo máa ń wá kí mi. Màá ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ láti àárọ̀. Bí o ò bá wá, mi ò ní bi ọ́ pé kí ló dé.