Mo Sọ Pé Ti Òní Ni

Ẹ̀yin tó ń ka ojú ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìparí kí ẹ tó bú mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri nínú, mi ò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ìyá arúgbó kan wà níbi tí kò yẹ kó wà, nítorí gbólóhùn kan tó ti ẹnu mi jáde. Ohun tí mo gbọ́ nígbà tí mo lọ wò ó lọ́sẹ̀ tó kọjá ló jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ báyìí. Màá dé ibẹ̀.

Mi ò fẹ́ fi kún un, mi ò sì fẹ́ yọ níbẹ̀. Ohun tí mo bá mọ̀ dájú, màá sọ pé mo mọ̀ ọ́n. Èyí tí mo kàn rò, màá sọ pé mo rò ó ni.

Ìyá tó bí bàbá wa ni ìyá náà. Màmá là ń pè é. Nígbà tí bàbá wa kú, òun ló tọ́ èmi àti ẹ̀gbọ́n mi dàgbà. Ẹ̀gbọ́n mi ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ irin kan ní Ṣàngó-Ọ̀tà. Ilé rẹ̀ ní Ìjù ni gbogbo wa ń gbé: òun, ìyàwó rẹ̀, àwọn ọmọ wọn, Màmá, àti èmi tí mo ti jáde yunifásítì, tí mo ti sìnrú ìlú tán, tí mi ò sì rí iṣẹ́.

Màmá ò lè rìn jìnnà mọ́. Ìdí tẹlifíṣọ̀n ló ti ń bá àwọn èèyàn pàdé. Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, obìnrin kan máa ń ṣe ètò fún àwọn àgbàlagbà lórí ìkànnì Yorùbá kan. Àsàbí ni Màmá sọ ọ́. Bí Àsàbí bá ti kí wọn, Màmá á dá a lóhùn bí ẹni pé inú pálọ̀ wa ló wà.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ìyá wa!"

"O ṣeun, ọmọ mi. Gèlè tòní mà ga o. Ṣé àjà lo fẹ́ fi kàn ni?"

Gbogbo wa la máa ń rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kan, òjò ń rọ̀, àrá sán, dikódà wa sì jó. Ẹ̀gbọ́n mi pè mí. Ó ní, "Ìwọ lo kàwé. Lọ wo èyí tó dáa, tí Màmá á fi máa rí Àsàbí ẹ̀. Èyí tó o bá ní ká rà la máa rà."

Bó ṣe rí nílé wa nìyẹn. Ẹni tó kàwé ló ń yan ẹ̀rọ. Bí mo bá ti sọ̀rọ̀ nípa ohunkóhun tó ń lo iná, kò sẹ́ni tó ń bi mí lẹ́ẹ̀mejì.

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Ṣàngó. Ohun méjì ni mo gbé yẹ̀ wò. Àkọ́kọ́ ni dikódà tuntun, tó ń gba ìkànnì láti ara àwo orí òrùlé. Ohun tí wọ́n bá ń ṣe lọ́wọ́ ló ń gbé wá. Èkejì ni àpótí kékeré kan tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, tó ń fi íńtánẹ́ẹ̀tì gbé fíìmù àti ètò wọlé. Ìwọ fúnra rẹ lo máa wá ohun tó o fẹ́ wò lórí rẹ̀, ó sì lè jẹ́ èyí tí wọ́n ti ṣe tipẹ́tipẹ́.

Ẹni tó ń tà á jẹ́ kí n dán an wò. Mo wá ìkànnì Màmá lórí rẹ̀. Kò sí. Mo tún un wá. Kò sí níbẹ̀.

"Ọ̀gá, kí lẹ ń wá gan-an?" ó bi mí.

Mo ní kò sí nǹkan kan. Mo ní kó bá mi dì í.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Àpótí yẹn kò lè ṣiṣẹ́ láìsí íńtánẹ́ẹ̀tì nílé. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá ti rà á, ó di dandan kó fa íńtánẹ́ẹ̀tì wọlé. Íńtánẹ́ẹ̀tì yẹn ni mo fẹ́, kí n lè fi wá iṣẹ́ tí èèyàn ń ti inú ilé ṣe. Ojú ń tì mí láti tọrọ rẹ̀, nítorí mo ti tọrọ ohun púpọ̀. Mo wá fi Màmá ṣe bojúbojú.

Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé mo ti wo méjèèjì dáadáa, pé àpótí ló dáa jù, pé ìkànnì Màmá wà lórí rẹ̀, pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́wọ́ la ó máa rí i. Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn.

Nígbà tí mo so ó tán, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí màá fi bo irọ́ náà. Mo rí i pé ẹnì kan ti gbé díẹ̀ nínú ètò Àsàbí, àwọn èyí tó ti lọ, sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọn ò pọ̀. Nígbà tí aago mẹ́rin lù, mo tan ọ̀kan. Màmá pàtẹ́wọ́. Mo sọ fún ara mi pé kò pa ẹnikẹ́ni lára. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn lójoojúmọ́, ní aago mẹ́rin gérégé. Nígbà tí wọ́n tán, mo tún ti ìbẹ̀rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mo rò pé arúgbó ò ní rántí.

Màmá rántí.

"Àjàní," ó fi oríkì mi pè mí, "òní kọ́ ni Ẹtì?"

"Ẹtì ni, Màmá."

"Kí ló wá dé tí Àsàbí ń kí wa kú ọjọ́ Ajé?"

Mo ní ó ṣì í sọ ni. Ó wò mí títí. Ó ní, "Mo ń kí i, kò gbọ́ tèmi mọ́. Àfi bíi pé òjìji ẹ̀ ni wọ́n gbé wá."

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, tó ń kó ọjà rẹ̀ jáde sí ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé, gbọ́ ọ. Ó ní, "Ẹ̀ẹ́! Màmá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, ẹ̀rù ń bà mí o." Ó ń rẹ́rìn-ín nígbà yẹn.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi kì í sábà ráyè jókòó wo tẹlifíṣọ̀n, torí ọjà rẹ̀ máa ń yá lásìkò tí àwọn òṣìṣẹ́ ń darí bọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, ara rẹ̀ ò yá, ó sì ti ṣọ́ọ̀bù. Ó jókòó ti Màmá, ó ń bó ẹ̀gúsí. Mo tan ètò náà, mo sì wọ yàrá mi lọ, torí ilé iṣẹ́ kan fẹ́ fi ọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò lórí kọ̀ǹpútà. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n fi bá mi sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àwọn tún máa pè mí. Inú mi ń dùn lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ ohùn Màmá láti pálọ̀.

"Wò ó, gèlè ẹ̀ máa yọ báyìí. Ọwọ́ òsì ló máa fi dì í mú. Á ní, 'Ẹ má wò mí o, ẹ̀yin ìyá mi.'"

Mo yọjú láti ẹnu ilẹ̀kùn. Gèlè yẹn yọ. Ọwọ́ òsì ló fi dì í mú. Ó sọ ọ́ bí Màmá ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́.

"Ó tún kù. Ọkùnrin kan ń gbé omi bọ̀. Ó máa kọsẹ̀ lára àga."

Ọkùnrin náà wọlé. Ó kọsẹ̀.

Mo gbọ́ ìró àwo ẹ̀gúsí nílẹ̀. "Yéè! Màmá, báwo lẹ ṣe mọ̀ ọ́n?"

"Mo ti wò ó rí ni. Gbogbo ohun tó ń sọ ló ti sọ rí."

"Níbo lẹ ti wò ó? Akọ̀wé ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́wọ́ là ń rí i! Akọ̀wé! Akọ̀wé, ẹ jáde wá!" Orúkọ tó sọ mí nìyẹn látọjọ́ tó ti wọlé wa.

Mo jáde. Mo pa tẹlifíṣọ̀n.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ti ibi iṣẹ́ dé, kò tíì bọ́ bàtà nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó wá kọjú sí mi. "Àbúrò, ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Ohun tí Màmá ń wò yìí, ṣé wọ́n ti ṣe é tẹ́lẹ̀ ni, àbí ti òní ni?"

Màmá ń wò mí.

Mo rò ó. Mi ò lè purọ́ pé mi ò rò ó. Bí mo bá ní wọ́n ti ṣe é tẹ́lẹ̀, á bi mí pé ìkànnì dà. Á dá àpótí padà, íńtánẹ́ẹ̀tì á sì lọ, ilé iṣẹ́ yẹn sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ní àwọn tún máa pè mí ni.

Mo ní, "Ti òní ni."

Màmá ò bá mi jiyàn. Ó fa ìró rẹ̀ bo orúnkún, ó ní, "Ó dáa." Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yẹn ni kì í jẹ́ kí n sùn.

Láti ọjọ́ náà, wọn ò jẹ́ kí àwọn ọmọ gba nǹkan jẹ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ náà jáde sí àdúgbò. Mo fi etí mi gbọ́ ọ níwájú ṣọ́ọ̀bù, tí aládùúgbò kan ń sọ pé, "Ẹni tó mọ ohun tí wọ́n máa sọ lórí tẹlifíṣọ̀n kí wọ́n tó sọ ọ́, ṣé yóò ní òun ò mọ ohun tó pa ọmọ òun?" Ikú bàbá wa ló ń sọ.

Ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ bá wọn jà. Nígbà tó yá, ó dákẹ́. Nígbà tó tún yá, wọ́n gbé Màmá lọ sí ilé àdúrà kan lọ́nà Alapoti. Èmi ni mo gbé báàgì rẹ̀ sínú ọkọ̀. Ó ní, "Àjàní, máa bá mi wo Àsàbí, kó o lè máa sọ fún mi." Mo ní, "Ẹ ṣeun, Màmá." Mi ò mọ ìdí tí mo fi dúpẹ́.

Mo rí iṣẹ́ náà gbà. Íńtánẹ́ẹ̀tì yẹn ni mo fi ń ṣe é.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe èèyàn burúkú. Ohun tó rí ló sọ, èmi ni mo sì ní kó gbà á bẹ́ẹ̀. Mi ò rí i kí wọ́n lu Màmá níbẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé wọ́n ń mú un gbààwẹ̀, ó sì ti gbẹ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé oúnjẹ lọ fún un. Obìnrin tó ń tọ́jú àwọn tó wà níbẹ̀ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, inú rẹ̀ ń dùn. "Ẹ bá wa yọ̀ o! Màmá ti jẹ́wọ́. Ó ní òun ni. Ó ní òun ló pa bàbá yín."

Mo wọlé. Màmá jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Ó ní kí n súnmọ́ òun. Ó rọra sọ ọ́ sí mi létí: "Wọ́n ní ẹni tó bá jẹ́wọ́ á lọ sílé. Mo ti jẹ́wọ́. Àjàní, ṣé aago mẹ́rin ò tíì lù?"

Mo bi obìnrin náà bóyá Màmá lè máa bọ̀ nílé. Ó mi orí. "Ilé kẹ̀? Iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni."

Ẹ jọ̀ọ́, ibẹ̀ gan-an ni mo tún ti dákẹ́. Mo gun ọ̀kadà, mo padà sílé. Àwọn ilé àdúrà ti pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù, ó ti gbọ́ kí n tó dé. Ó ní òun ò fẹ́ fojú kan Màmá mọ́ láyé.

Ohun tí kò ṣe ni Màmá jẹ́wọ́ rẹ̀. Èmi tí mo ṣe tèmi, orí ìwé yìí ni mo ti kọ́kọ́ ń jẹ́wọ́.

Ẹ̀rí wà lọ́wọ́. Lánàá, mo tan àpótí náà wò. Gèlè yẹn ṣì ń yọ, ọkùnrin yẹn ṣì ń kọsẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan tí mo bá fi han ẹ̀gbọ́n mi, á yé e. Ṣùgbọ́n ó ti gbọ́ pé Màmá fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun ló pa bàbá wa, mi ò sì mọ̀ bóyá gèlè tó yọ lè borí ìyẹn. Bó bá gbà mí gbọ́, mi ò mọ ohun tó máa fojú mi rí. Bí kò bá gbà mí gbọ́, mi ò mọ ohun tó kù.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin òbí, ta ni kí n kọ́kọ́ sọ fún? Ṣé ẹ̀gbọ́n mi ni, àbí àwọn ilé àdúrà, àbí Màmá gan-an, kí n dọ̀bálẹ̀ fún un? Mo ti ń fi ẹnu mi dán an wò nínú yàrá: kì í ṣe ti òní. Ọ̀rọ̀ náà ò gùn. Bí mo bá sì ti dé pálọ̀, tí mo rí àga rẹ̀, kì í jáde.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn. Nígbà tí mo di apá rẹ̀ mú láti dágbére, egungun nìkan ni ọwọ́ mi bà.