Ìwé Ìbò Tí Mo Fi Lé Ọkọ Mi Lọ́wọ́

Ẹ̀yin tó ń kà mí, inú ń bí mi. Ó ń bí mi sí ọkọ mi, ó ń bí mi sí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún mi yìí gan-an ló ń bí mi nínú jù. Yàrá tí mo ti kọ́ ìwé kíkà lẹ́ni ọdún mẹ́rìnlélógójì ti di ibi tí wọ́n ń kó ẹrù àwọn tó wá ṣe Hájì sí, èmi ni mo sì fà á.

Ààfáà ni ọkọ mi. Mẹ́kà ló ti kàwé, òun ló sì ń ṣe wáàsí fún ẹgbẹ́ àwa ọmọ Yorùbá ní Jẹ́dà. Yàrá ẹ̀yìn ilé tí ẹgbẹ́ háyà ní àdúgbò Al-Sabeel ni wọ́n ti ń kọ́ àwa obìnrin ní ìwé. Àwọn ọkùnrin fẹ́ sọ ọ́ di ibi ìkẹ́rù, wọ́n ní àwọn máa dìbò sí i. Ta ló máa dìbò? Ọkùnrin nìkan! Ṣé àwa tí à ń se oúnjẹ ìpàdé, tí à ń wẹ òkú obìnrin, a kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ ni? Mo fọwọ́ ara mi kọ lẹ́tà, mo gbé e láti ilé dé ilé, àwọn obìnrin fọwọ́ sí i. Ojoojúmọ́ ni mo ń bá ọkọ mi fà á nílé, títí ó fi sọ nínú wáàsí pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí obìnrin dìbò. Inú mi dùn dé ẹ̀yìn!

Lọ́jọ́ ìbò, èmi ni mo ṣáájú ìlà àwọn obìnrin, ọkọ mi sì dúró ti àpótí pẹ̀lú àwọn ọkùnrin yòókù. Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó nawọ́. Ẹ gbọ́ o: láti ọdún méjìlélógún tí mo ti wà nílùú yìí, ní ọ́fíìsì yòówù tí a bá dé, tí ó bá ti nawọ́ báyìí, ìkámà mi, ìyẹn ìwé ìgbélùú mi, ni mo máa ń fún un. Ọwọ́ mi kò béèrè lọ́wọ́ mi. Mo fi ìwé ìbò lé e lọ́wọ́! Ó fàmì sí ibi tí wọ́n kọ "ibi ìkẹ́rù" sí, ó sọ ọ́ sínú àpótí.

"Lesh, ya mama?" Ọmọbìnrin mi tí a bí síbí ló pariwo, tó ń bi mí pé kí ló dé.

Kí n tó yíjú padà, Àlàájà tó wà lẹ́yìn mi ti ń fi tirẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́.

"Àlàájà, kí lẹ ń ṣe?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó Ààfáà, ohun tí ẹ ṣe ni mo ṣe o. Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn ni."

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ṣe é, lọ́kọ̀ọ̀kan! Nílé, ọkọ mi ní, "Ṣé mo já a gbà lọ́wọ́ rẹ ni? Àpótí ni mo ń júwe fún ọ. O fún mi, mo kọ ohun tí èmi fẹ́."

Ní báyìí, àwọn ọkùnrin ń sọ pé obìnrin ò fẹ́ ìbò. Àwọn obìnrin sì ní kí n tún kọ lẹ́tà mìíràn. Ṣé ojú kò ní tì mí níwájú wọn? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Èyí tó dá mi lójú ni pé láàárọ̀ yìí, mo gba ìkámà mi tó wà lọ́wọ́ ọkọ mi látìgbà tí mo fún un kẹ́yìn. Ó ní kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Mo ní mo fẹ́ kí ọwọ́ mi kọ́ bí wọ́n ṣe ń di nǹkan mú.