Bí Mo Ṣe Pe Ọkọ̀ Ọlálẹ́yẹ Ní Ayédèrú

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń wo fídíò mi láti ọdún mẹ́ta, tí ẹ ń pè mí ní Ọ̀gá Ọkọ̀ Ojú Ọ̀run, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ibi kan jókòó sí. Òtítọ́ ti fẹ́ jáde lẹ́nu mi lónìí, bí mo bá sì tún gbé e mì, yóò pa mí. Oṣù márùn-ún ni ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun bí eegun ẹja. Ọjọ́ Túsìdeè ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ́hùn-ún ni wọ́n tẹ́ mi sórí bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù kan ní Ìkàrẹ́ láti yọ apẹ́ńdísì mi. Dókítà, ọmọkùnrin kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì pé, bi mí pé ṣé ohun kan wà tí mi ò tíì sọ fún àwọn. Oògùn tí mo ti lò ló ń bèèrè. Èmi tí mo ti rò pé ikú ló ń bi mí, mo ní, "Dókítà, ó wà o," mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́. Nọ́ọ̀sì tó mú bírò dání kọ ìlà méjì, ó dúró, ó wo dókítà. Abẹ́rẹ́ oorun ni wọ́n fi pa mí lẹ́nu mọ́. Nígbà tí mo jí, tí mo rí i pé mi ò kú, mo mọ̀ pé ẹjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ parí.

Iyìọlá lorúkọ mi. Fóònù ni mo ń tún ṣe nítòsí ọjà Òṣèlé, ṣùgbọ́n ẹ̀yin kò fi fóònù mọ̀ mí. Fíìmù tí à ń pè ní Àwọn Ará Ìràwọ̀ Keje lẹ fi mọ̀ mí, àti àwọn ọkọ̀ kéékèèké tí wọ́n ń ṣe ní àfijọ ọkọ̀ tí àwọn ará ìràwọ̀ náà fi ń jagun lójú ọ̀run. Kì í ṣe ohun ìṣeré ọmọdé. Àgbàlagbà ló ń kó o jọ, tí wọ́n ń tò ó sínú gíláàsì, tí wọn kì í jẹ́ kí ọmọ wọn fọwọ́ kàn án. Iṣẹ́ tèmi ni kí n gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan síwájú kámẹ́rà, kí n fi Yorùbá yẹ̀ ẹ́ wò: ṣé ọ̀dà rẹ̀ dán, ṣé ìbọn rẹ̀ pé, ṣé ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí, kí n wá fún un ní máàkì nínú mẹ́wàá. Ẹ gbà mí gbọ́. Bí mo bá ní ọkọ̀ kan kò dára, ẹni tó fẹ́ rà á a fà sẹ́yìn. Ẹ ò sì mọ̀ pé èmi fúnra mi kò ní ẹyọ kan ṣoṣo.

Alhaji Suleiman tó ń gbé ní Ìwàrò-Ọ̀kà ló ni gbogbo wọn. Òun ló kọ́ mi ní jọ́gíráfì ní girama. Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí, ọmọ rẹ̀ tó wà ní Kánádà ló ń fi ọkọ̀ ránṣẹ́ sí i, méjìlélógójì ló sì tò sínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì ní pálọ̀. Safinat, ọmọ àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ti kú, ẹni nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, ló ń tọ́jú ilé fún un, òun náà ló ń nu eruku ara ọkọ̀ wọ̀nyẹn. Alhaji máa ń yá mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kì í gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi, ó kàn máa ń sọ pé bí mo bá ṣe gbé e lọ ni kí n ṣe gbé e padà. Nínú oṣù kẹta ọdún yìí, ó yá mi ní Kọ́ríndà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ fíìmù náà ti di orí mú. Fún ẹ̀yin yòókù, Kọ́ríndà ni ọkọ̀ ọba wọn. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n ṣe jáde, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní òǹtẹ̀ ìràwọ̀ méje lábẹ́ ikùn.

Mo fẹ́ kí ó fò. Mo fi òwú tín-ín-rín so ó mọ́ apá fáànù àjà, nítorí ó ti di ọjọ́ mẹ́ta tí a ti rí iná gbẹ̀yìn ládùúgbò wa, mo sì gbà pé fáànù náà ti di òkú. Mo ń fi ọwọ́ yí i díẹ̀díẹ̀, mo ń ya fídíò, mo ń sọ fún yín pé ẹ wo bí ọkọ̀ ọba ṣe ń rá bàbà, ni iná bá dé. Gbogbo àdúgbò hó yè. Fáànù wà ní nọ́ńbà márùn-ún. Kọ́ríndà yí po lẹ́ẹ̀mẹta, òwú já, ọkọ̀ ọba lọ bá ògiri. Wẹ́wẹ́ mẹ́tàdínlógún ni mo ṣà nílẹ̀. Bí ó bá ṣe pé mo gba Ọ̀kà lọ lọ́jọ́ náà, tí mo dọ̀bálẹ̀, ọ̀rọ̀ ì bá ti tán. Ojú ló tì mí. Ọ̀gá Ọkọ̀ Ojú Ọ̀run kò fẹ́ kí ayé gbọ́ pé fáànù ló pa ọkọ̀ mọ́ òun lọ́wọ́.

Mo kó wẹ́wẹ́ náà sínú àpò, mo gba Arigidi lọ bá Àdìó, káfíńtà tí kò sí ohun tí kò lè gbẹ́. Ó tò ó sórí tábìlì, ó wò ó títí, ó bi mí pé irú ẹyẹ wo nìyí. Mo ní ọkọ̀ ni. Ó ní táyà rẹ̀ ńkọ́. Mo ní kò ní táyà, ojú ọ̀run ló ń rìn. Ó ní abájọ tó fi já lulẹ̀. Ọjọ́ mẹ́jọ ló fi gbẹ́ òmíràn láti ara igi afárá. Ẹnì kan tó ń kun mọ́tò bá mi fi ọ̀dà tó ṣẹ́ kù lára bọ́ọ̀sì ìjọ kan kùn ún, èmi fúnra mi sì fi abẹ́rẹ́ gbígbóná fín ìràwọ̀ méje sí i níkùn. Ká má purọ́, ó jọ ọ́. Àbùkù kan ṣoṣo tó ní ni pé ike ni wọ́n fi ṣe ti gidi, ó fúyẹ́, èyí sì wúwo bí ọmọ odó. Kí Alhaji má bàa fura, mo gbé ti igi náà síwájú kámẹ́rà kí n tó dá a padà, mo fún un ní mẹ́wàá nínú mẹ́wàá, mo sì sọ ọ̀rọ̀ tí n ó jíyìn fún lọ́run, pé ìwúwo la fi ń dá ojúlówó Kọ́ríndà mọ̀, èyí tó bá fúyẹ́, ayédèrú ni. Alhaji wo fídíò náà. Nígbà tí mo gbé ọkọ̀ fún un, ó fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n, ó ní òun ti gbàgbé bó ṣe wúwo tó. Ó tún dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà ló pè mí. Ìyẹ̀fun funfun kan ń jáde lábẹ́ Kọ́ríndà, ó ní Safinat nù ún láàárọ̀, ó tún ti wà níbẹ̀ nírọ̀lẹ́. Kòkòrò ti wọ inú igi Àdìó. Ẹnu mi ṣí kí ọpọlọ mi tó jí. Mo ní, "Sà, eruku ìràwọ̀ ni. Inú rẹ̀ ni wọ́n dà á sí, bó bá pẹ́ díẹ̀, a máa jáde fúnra rẹ̀." Alhaji ní, "Súbùhánàllàhi." Láti ọjọ́ náà ló ti ń gbá ìyẹ̀fun náà jọ sínú ìgò lọ́fínńdà kan. Àlejò tó bá wá kí i, á gbé e fún un kó wò ó sí oòrùn. Imáàmù gan-an wò ó. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé bí kòkòrò bá jẹun yó, ọkọ̀ ọba yóò wó lulẹ̀ níṣojú àlejò.

Ìgbà yẹn gan-an ni Hephzibah dé. Akẹ́kọ̀ọ́ ni ní yunifásítì Àkùngbá, ọ̀kadà ló gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó sì gbé páálí kan mọ́yà bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Kọ́ríndà ló wà nínú rẹ̀. Ó ní bàbá òun, Ọlálẹ́yẹ, tó ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi títí ó fi kú lọ́dún méjì sẹ́yìn, ló rà á fún òun ní èbúté kan ní Jàpáànù. Bàbá náà kì í sábà wà nílé, ṣùgbọ́n ó sọ fún un pé ojúlówó lòun gbé wá fún un yìí, ìwọ̀nba èèyàn ló ní irú rẹ̀ láyé. Hephzibah wá wo fídíò mi, ó rí i pé tòun fúyẹ́, oorun sì dá lójú rẹ̀. Ó fẹ́ kí n fi ojú ara mi wò ó. Mo yí i dojú dé. Òǹtẹ̀ ìràwọ̀ méje wà níbẹ̀, ó mọ́ rekete. Mo rántí Alhaji, mo rántí ìgò lọ́fínńdà. Mo gbé e sílẹ̀, mo mi orí bíi dókítà, mo ní, "Àbúrò, ayédèrú ni." Kò sunkún. Ó dé páálí náà, ó ní, "A jẹ́ pé Dádì purọ́ fún mi nìyẹn." Ó bi mí bóyá mo lè bá òun sọ ọ́ nù, nítorí òun kò fẹ́ rí i mọ́. Mo ní kò burú. Èmi ọmọ èèyàn ni mo ní kò burú.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, nígbà tí Alhaji wà ní mọ́ṣáláṣí, mo lọ sí Ọ̀kà. Safinat ṣílẹ̀kùn fún mi, ó bu omi fún mi, ó padà sídìí ọbẹ̀ tó ń sè. Kó tó sọ iyọ̀ sí ọbẹ̀, ti Hephzibah ti wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ti igi sì ti wà nínú báàgì mi. Mo délé tayọ̀tayọ̀, àṣé mo ti gbàgbé ẹ̀kọ́ tí mo fi ẹnu ara mi kọ́ Alhaji. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé Kọ́ríndà láti fi han àlejò, ọwọ́ rẹ̀ fò sókè: ọkọ̀ ti fúyẹ́, eruku ìràwọ̀ kò sì sí mọ́. Ó tún fídíò mi wò, ó sì pè mí pé olè ti gbé ojúlówó òun lọ, wọ́n ti fi ayédèrú rọ́pò rẹ̀, kí n máa bọ̀ wá jẹ́rìí, nítorí kò sẹ́ni tó mọ ọkọ̀ bíi tèmi. Nígbà tí mo dé, Safinat wà lórí ìkúnlẹ̀, nítorí òun ló ń nu ọkọ̀ náà lójoojúmọ́. Ó gbójú sókè, ó ní, "Bọ̀dá Iyìọlá, ẹ̀yin náà wọ pálọ̀ yìí lánàá." Alhaji ló bá mi dáhùn, pé kí ni Iyìọlá fẹ́ fi ṣe, ta ló kọ́ wa ní ojúlówó bí kì í bá ṣe òun. Ó gbé ọkọ̀ náà lé mi lọ́wọ́. Mo wo Safinat, mo wo ilẹ̀, mo ní, "Sà, ayédèrú ni." Ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn tí mo jẹ́rìí èké mọ́ ọkọ̀ kan náà. Safinat kò bá mi jà. Ó kó aṣọ rẹ̀ sínú báàgì méjì, ó lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹbí bàbá rẹ̀ ní Òkè-Àgbè. Alhaji tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń dáná sí ìrẹsì wá ń fi búrẹ́dì ṣe oúnjẹ àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́, èmi náà ni mo sì ń bá a ra búrẹ́dì náà lọ, bí ọmọlúàbí.

Lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni mo ti jẹ́wọ́ fún Zipporah ìyàwó mi. Nígbà tí mo dé ibi eruku ìràwọ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wá ibi jókòó. Nígbà tí mo dé ibi Hephzibah, ẹ̀rín náà dá. Ó ní bí mo bá ti lè rìn dé ilé ìtọ̀, mo lè rìn dé Ọ̀kà. Ọjọ́ keje ni a lọ. Mi ò lè dọ̀bálẹ̀ nítorí ojú abẹ, mo kàn fi ẹ̀gbẹ́ kan sùn sílẹ̀ níwájú Alhaji, mo sì rò ó tán. Ó kọ́kọ́ bèèrè ti igi. Zipporah yọ ọ́ nínú báàgì, ó gbé e lé e lọ́wọ́, ìyẹ̀fun sì dà sí i lára ṣòkòtò. Alhaji ní, "Èyí ni Imáàmù fi ojú ara rẹ̀ wò." Ó gbọn ṣòkòtò rẹ̀ pẹ́. Ó wá ní, "Bí o bá sọ fún mi pé fáànù ló fọ́ ọ, bó pẹ́ títí, inú mi ì bá ti rọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Safinat ni o jẹ́ kí n lé jáde." Ó fi aṣọ wé ojúlówó náà, ó ní kí n gbé e fún ẹni tó ni ín. Lọ́jọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ lọ sí Òkè-Àgbè. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi bẹ Safinat kó tó gbà láti padà, àdéhùn sì ni pé kò ní nu ọkọ̀ kankan mọ́ láyé. Alhaji ló ń nù wọ́n báyìí.

Hephzibah kò kí mi nígbà tí mo dé iwájú ilé tó ń gbé ní Àkùngbá. Mo jẹ́wọ́ fún un, ó tú aṣọ, ó yí ọkọ̀ dojú dé, ó fi ìka ka ìràwọ̀ náà láti ọ̀kan dé méje. Ó ní, "Mo ti fi oṣù méjì bínú sí òkú." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀, ó ní kí n má bẹ òun. Ohun kan ló bèèrè, pé ibi tí mo ti sọ pé èyí tó bá fúyẹ́, ayédèrú ni, níwájú àwọn tó gbọ́ ọ, níbẹ̀ gan-an ni kí n ti sọ òtítọ́.

Nítorí náà, Alhaji, Safinat, mo bẹ̀ yín níwájú gbogbo ayé, ẹ fi ojú àánú wò mí. Hephzibah, mi ò sọ pé kí o dárí jì mí lónìí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ní fóònù tí ẹ sì ní ẹnu, ohun tí ẹ bá fọ́, ẹ ní ẹ̀yin lẹ fọ́ ọ, ó ṣe tán, ìtìjú kì í pẹ́ bí irọ́. Àyẹ̀wò tí mo jẹ yín nìyí: Kọ́ríndà tí Ọlálẹ́yẹ rà fún ọmọ rẹ̀. Ó fúyẹ́, bó ṣe yẹ kó fúyẹ́. Ọ̀dà rẹ̀ dán, ìbọn rẹ̀ pé mẹ́rìndínlógún, ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí, ó ń tì. Ojúlówó ni. Bàbá náà kò purọ́.