Ọjọ́ Tí Mo Da Iṣu Gbogbo Ilé Pọ̀

Nígbà tí orúnkún mi ṣì ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ni mo máa ń gun àpáta yìí... Ẹ rọra jókòó, ó ti ń tutù. Ìwọ Bọ́lá, súnmọ́ mi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló bí ọ, kò yẹ kó o jókòó sọ́hùn-ún bí ẹni tí wọ́n ránṣẹ́ pè sí àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n ní o ti di ẹrù rẹ. O ní oṣù méjì lo ti wá láti Ṣakí, tó o ń kọ́ àwọn ọmọ ìlú Dassa yìí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì lọ́fẹ̀ẹ́, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ ọ́. Ó dáa. Gbọ́ tèmi kó o tó lọ.

Bẹ́ẹ̀ lèmi náà ṣe wá. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí nígbà náà. Ìjọ wa ló rán mi, pé kí n wá ran àwọn màsẹ̀ọ̀, àwọn sísítà ìjọ, lọ́wọ́ ní ilé ìwòsàn, kí n máa wọn àwọn ọmọ ọwọ́. Mo rò pé èdè wọn àti tiwa jọra, kíá la ó ti mọwọ́ ara wa. Ó jọra lóòótọ́... mò ń gbọ́ ìdajì, mò ń méfò ìdajì.

Wọn ò ṣe mí níbi o. Háà, rárá! Bí mo bá yọ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á gbé àga. Bí mo bá fọwọ́ kan ìgbálẹ̀, wọ́n á gbà á. "Àlejò, ẹ jókòó." Orúkọ mi nìyẹn, Àlejò. Oṣù mẹ́ta gbáko! Àga yẹn sú mi. Láàárọ̀ ọyẹ́, kùrukùru á bo àwọn òkè wọ̀nyí, o ò ní rí ilé, o ò ní rí igi. Ohùn àwọn obìnrin nìkan lo máa gbọ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín nínú funfun yẹn... Mo máa ń dúró lójú fèrèsé, mo máa sunkún. Mo fẹ́ kí ẹnì kan pè mí sínú ẹ̀rín yẹn. Ṣé ohun ńlá nìyẹn? Mo di ẹrù mi bí ìwọ náà ṣe di tìrẹ.

Láyé ìgbà náà, orí àpáta yìí ni gbogbo ilé ń sá iṣu èlùbọ́ sí. Wọ́n á bó o, wọ́n á bọ̀ ọ́, wọ́n á gé e, wọ́n á tẹ́ ẹ. Òkúta kéékèèké ni wọ́n fi ń pa ààlà, ilé kan níbí, ilé kan lọ́hùn-ún. Lónìí ńkọ́? Èlùbọ́ inú ọ̀rá lẹ̀ ń rà, ẹ ò mọ ọwọ́ tó bó o.

Ọjọ́ kan, gbogbo wọn lọ sí ọjà Glazoué. Ìyá Tèrésà nìkan ló kù nílé, àgbà obìnrin tí mo dé sọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ ń dùn ún, ó ti sùn. Mo wòkè, ojú ọ̀run ti ṣú. Òjò àkọ́rọ̀! Òjò ò sì bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Mo ní, Olúwa, àyè ti yọ fún mi. Mo sáré gòkè, mo gbá iṣu gbogbo ilé jọ, òkìtì kan ṣoṣo! Mo fi tàpólì ilé ìwòsàn bò ó, mo fi òkúta tẹ̀ ẹ́. Òjò rọ̀, ó rọ̀... ẹyọ kan ò tutù. Mo dúró, omi ń ro lára mi, mò ń retí ọpẹ́.

Wọ́n dé. Wọ́n ṣí i. Lẹ́yìn náà ni ariwo sọ: "Ta ló da èyí pọ̀?"

Ọ̀kan ní iṣu tòun, ti ọmọ òun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní Aklampa ni, báwo lòun ṣe fẹ́ dá a mọ̀ báyìí. Ìyá Réjínà, opó ni, ṣe ló jókòó sílẹ̀. Ó ní ọkọ òun ló kọ ebè iṣu yẹn kó tó kú, òun ò sì ní rí òmíràn mọ́ láyé... Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn.

Ìyá Tèrésà tiro gòkè dé. Ó wò mí. Ó ní, "Àṣàbí! Ta ló rán ọ níṣẹ́? Ṣé orí rẹ pé? Wọ́n ní àlejò lójú, kò fi ríran, mi ò mọ̀ pé ó tó báyìí!"

Ẹ gbọ́... Àṣàbí. Orúkọ mi! Kò sẹ́ni tó pè é rí láti ìgbà tí mo ti dé. Mò ń sunkún ìtìjú, inú mi sì ń dùn. Ó ní, "Ìwọ lo dà á pọ̀, wá bá wa yà á. Ilẹ̀ ni kó o jókòó sí."

Òòrùn padà yọ. Ooru ń gòkè lára àpáta bí èéfín, ó bo gbogbo wa, ó dà bíi pé ojú àlá la wà. Kálukú ń mú iṣu lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wò ó, nítorí ọwọ́ ò jọra. Ẹnì kan ń gé tirẹ̀ nípọn, ẹnì kan ń gé e fẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n omijé ò jẹ́ kí Ìyá Réjínà ríran. Èmi ni mo bá a wá tirẹ̀. Ọwọ́ òsì ló fi ń gé e, ojú ọ̀bẹ rẹ̀ máa ń dà sí apá kejì. Mò ń mú un lẹ́yọ lẹ́yọ, mò ń kó o sí i lẹ́sẹ̀.

Ó ní, "Báwo lo ṣe mọ̀ ọ́n?"

Mo ní, "Láti oṣù mẹ́ta, ọwọ́ yín ni mò ń wò."

Ó wò mí títí... ó bú sẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà.

Nígbà tí a parí, ó ku díẹ̀ tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ní tirẹ̀. Ìyá Tèrésà fi ẹsẹ̀ tó ń dùn ún yẹn ti òkúta mẹ́rin, ó pa ààlà tuntun, ó ní, "Kó o síbẹ̀, Àṣàbí. Tìẹ nìyẹn."

Mo tú ẹrù mi lọ́jọ́ náà. Gbogbo wọn ti sùn nísàlẹ̀ òkè yìí, mo ṣì wà... Ayé ti yí. Ìwọ ńkọ́? Bó o bá ti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ilé-ìwé dé, ojú fóònù lò ń wò, ará Ṣakí lò ń bá sọ̀rọ̀. Àwọn tó o wà láàárín wọn ń gbé àga fún ọ, o jókòó. Wọn ò tíì bínú sí ọ rí, Bọ́lá. Lọ sínú ilé ìdáná wọn lọ́la, kó o lọ ba nǹkan jẹ́. Tí wọ́n bá sì ń pariwo lé ọ lórí, jọ̀ọ́, má sá.