Álímọ́ńdì Tí Mo Gbé Mì Lódindi

Nọ́ọ̀sì Signe, ẹ má sọ pé kí n jókòó, mi ò jókòó! Ọjọ́ kẹta Kérésì rèé, èso álímọ́ńdì ṣì wà nínú mi lódindi, ìlẹ̀kẹ̀ Màmá ṣì wà lórí pẹpẹ, Tove àbúrò mi sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ káàkiri ìlú Marstal. Rárá o, inú ò run mí. Inú ló ń bí mi!

Ẹ̀yin náà ṣáà jẹ ìrẹsì oníkíríìmù lọ́jọ́ àìsùn Kérésì. Gbogbo álímọ́ńdì inú ẹ̀ la gé wẹ́wẹ́, ẹyọ kan péré la fi sílẹ̀ lódindi, ẹni tó bá bọ́ sí lẹ́nu ló gba ẹ̀bùn. Ọdún mẹ́fà gbáko, Tove ni! Àfi bíi pé álímọ́ńdì mọ orúkọ ẹ̀. Ṣé ẹ mọ ohun tó máa ń ṣe? Á fi í pamọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, á dákẹ́ minimini, á máa wò wá bí a ṣe ń jẹ àjẹjù, tí ikùn wa fẹ́ bẹ́, ìgbà tí abọ́ bá gbẹ tán ló tó máa yọ ọ́ jáde, á ní, "Ó ti pẹ́ tó ti wà lọ́dọ̀ mi!" Màmá á wá pàtẹ́wọ́. Fún Tove! Kò pàtẹ́wọ́ fún mi báyẹn lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi.

Tẹ́lẹ̀, ẹlẹ́dẹ̀ kékeré tí wọ́n fi ṣúgà mọ lásán lẹ̀bùn náà, mo ń fara dà á. Lọ́dún yìí ni Màmá bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ oyin tí bàbá ẹ̀ fọwọ́ ara ẹ̀ ṣa òkúta ẹ̀ létí òkun, ó gbé e sórí pẹpẹ, ó ní ẹni tó bá rí álímọ́ńdì ló ni ín. Láti ọmọ ọdún mẹ́jọ lojú mi ti wà lára ìlẹ̀kẹ̀ yẹn! Ta ló ń wẹ ẹsẹ̀ Màmá? Èmi Bodil. Ta ló ń gé èékánná ẹ̀? Èmi náà ni. Tove tó ń ti Copenhagen wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, tó gbé òdòdó lọ́wọ́, òun lojú Màmá ń tàn sí bí iná.

Ọlọ́run ò sì fi mí sílẹ̀, ní ṣíbí kẹta, mo gbọ́ ko! Òun nìyẹn. Mo ní lónìí, ojú á ti Tove. Mo fi í pamọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, bí òun náà ṣe máa ń ṣe. Kí ló dé tí mi ò yọ ọ́ jáde lójú ẹsẹ̀? Ẹ ṣeun, ìbéèrè tí ọkọ mi ń bi mí nìyẹn! Mo fẹ́ kí Tove jẹ, kó jẹ títí, kó máa fi ṣíbí wá ohun tí kò sí níbẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí abọ́ tán, ni Aksel ọkọ mi bá ní pẹ́pẹ́yẹ tí mo sun le bíi bàtà bàbá òun. Ẹ̀rín pa mí, álímọ́ńdì sì gba ọ̀nà ọ̀fun lọ gbírí! Mi ò tiẹ̀ tíì fi eyín rún un.

Mo ní mo ti gbé e mì. Tove ní, "Yanu." Èmi, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, mo yanu níwájú àbúrò mi! Ó ní òun ò rí nǹkan kan. Màmá wá yíjú, ẹ gbọ́ èyí o, kò wo èmi, Tove ló wò, ó ní, "Ṣé òótọ́ ni?" Ọ̀rọ̀ ohun tó wà nínú ikùn tèmi, Tove ló bi! Ó wá ní bí òun ò bá fojú rí álímọ́ńdì kí ọdún tuntun tó wọlé, kí Tove máa mú ìlẹ̀kẹ̀ lọ.

Ẹ̀n-ẹ́n, ẹ tún un sọ. Ẹnu ni èso oníkóró ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í dà? Èyí tí eyín ò bá rún, ikùn ò rí i fọ́ dáadáa, ó lè jáde bó ṣe wọlé? Ọlọ́run á bùkún yín! Kí ló wá ń dá a dúró? Ọ̀rá? Ọ̀rá ló ń mú ikùn lọ́ra? Háà! Tove ló po kíríìmù yẹn! Kíríìmù tó ki bí ẹ̀kọ, ó mọ̀ọ́mọ̀ ni!

Omi kẹ̀? Mo ti mu omi bíi màlúù. Ìrìn? Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́ ni mò ń rìn dé èbúté nínú ẹ̀fúùfù yìí. Búrẹ́dì dúdú ńkọ́, èso plọ́ọ̀mù gbígbẹ tó ń mú inú yá ńkọ́, kí ni mi ò tíì jẹ? Ọjọ́ kan sí mẹ́ta, ti ẹlòmíì yá, ti ẹlòmíì pẹ́, àgbà náà sì ń fà á sẹ́yìn? Ẹ pè mí lágbà? Ọdún méjì péré ni mo fi ju Tove lọ! Ó dáa, mo mọ̀, ti Tove kò ní pẹ́. Láti kékeré ni inú ẹ̀ ti máa ń yá geere láràárọ̀, Màmá á sì máa ròyìn ẹ̀ fáwọn aládùúgbò. Ìgbẹ́ Tove pàápàá níyì jù mí lọ nílé wa!

Láràárọ̀ ló sì ń fóònù mi. "Bodil, ṣé àlejò wa ti dé?" Á wá rẹ́rìn-ín. Mo ń gbọ́ ẹ̀rín Màmá lẹ́yìn ẹ̀.

Ẹ ya àwòrán inú mi. Kò ní hàn? Ẹ kọ ìwé, nígbà náà. Ẹ lu òǹtẹ̀ sí i. Ẹ má dárúkọ ìlẹ̀kẹ̀, kí Tove fi kọ́rùn títí okùn ẹ̀ á fi já, mi ò bá a dù ú mọ́. Ẹ ṣáà kọ ọ́ sí Màmá pé Bodil kì í purọ́, pé bó bá fẹ́ mọ òótọ́ nípa Bodil, kó bi Bodil. Ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, nọ́ọ̀sì mi, kò bi mí rí!

Ẹ dákẹ́ ná. Ẹ dákẹ́. Ṣé ẹ gbọ́ bí inú mi ṣe kùn yẹn? Yééè! Ilé ìyàgbẹ́ yín dà? Apá òsì? Nọ́ọ̀sì, mo bẹ̀ yín, ẹ bá mi gbé abọ́ kan wá, kí ẹnikẹ́ni má sì fi omi ṣan ohun tó bá jáde lọ o!